Adé Mẹ́rin fún Orí Kan

Ojú wọn ṣe mẹ́rin lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, lásìkò tí èèyàn ò ráyè gbé ẹsẹ̀ sọlẹ̀. Ìsìn ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, òjò ń rọ̀ bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́, gbogbo ìjọ sì fún mọ́ra lábẹ́ òrùlé kékeré tó wà níwájú ilé náà. Ẹnìkan ń wá agboòrùn, ẹnìkan ń wá bàtà ọmọ, àwọn àgbà ń kí ara wọn bí ẹni pé òjò ò kàn wọ́n. Aránṣọ di ìyá àgbà rẹ̀ mú lápá kí wọ́n má baà tì í ṣubú. Bó ṣe ní kí òun wo iwájú báyìí, ọkùnrin kan tí kò rí rí ló kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀.

Kì í ṣe òun ló kúnlẹ̀ fún o. Bàbá arúgbó kan ni ọkùnrin náà ń bá di bọ́tìnnì kóòtù. Ẹnìkan ló tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀, ló bá gbójú sókè láti wo ẹni náà, ojú aránṣọ ló bá pàdé. Ojú náà tutù, ó sì jinlẹ̀, irú ojú tí èèyàn ń wò tó ń gbàgbé ibi tó ń lọ. Ọkàn aránṣọ fò sókè, nígbà tó sì máa padà wálẹ̀, kò padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀.

Ṣùgbọ́n aránṣọ ni aránṣọ ń jẹ́. Ojú kan ló fi ń wo ọkùnrin náà, ojú kejì ló fi ń wọn èjìká bàbá.

Gbogbo ìjọ ló mọ bàbá yìí. Bàbá Alágogo ni wọ́n ń pè é, nítorí òun ló ń lu agogo ṣọ́ọ̀ṣì láti ogójì ọdún, kí àìsàn tó dá a dúró, tí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò fi ṣeé gbé mọ́. Ọmọ rẹ̀ tó ń tún aago ṣe ní ìlú míràn ti kó irinṣẹ́ rẹ̀ wálé láti wá tọ́jú rẹ̀, ọjọ́ yìí sì ni ìsìn àkọ́kọ́ tí wọ́n jọ wá. Kóòtù bàbá ti ṣí ní ìgbúnwọ́, ó ti ya lábíyá, bọ́tìnnì mẹ́fà ló sì wà níwájú rẹ̀ tí ọwọ́ òsì nìkan ò lè dì. Ohun tó ká aránṣọ lára jù ni pé bí ọmọ ṣe ń di bọ́tìnnì náà, ńṣe ni bàbá tẹ orí ba, bí ọmọ ilé ìwé tí wọ́n ń wọṣọ fún lójú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, aránṣọ ti gé aṣọ.

Ó rí aṣọ olówùú kan tó nípọn, tó ní àwọ̀ eérú, ó fi aṣọ tó rọ̀ sí inú rẹ̀. Kò fi bọ́tìnnì kankan sí i. Ìkọ́ ńláńlá mẹ́rin ló fi síwájú rẹ̀, irú èyí tí èèyàn kàn máa fi ọwọ́ kan fà wọnú ara wọn, ó sì fi àpò sí inú lápá ọ̀tún, níbi tí ọwọ́ òsì ti máa tètè débẹ̀. Nígbà tó parí rẹ̀, ó fi bébà wé e, ó lọ gbé e sẹ́nu ọ̀nà bàbá ní ìdájí, ó kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó sì fi eré gé e. Kò kọ orúkọ sí i. Kò kọ nǹkan kan sí i rárá.

Bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nílé nìyẹn. Ìyá àgbà tó tọ́ ọ dàgbà ti mú ọ̀rọ̀ èrè ọ̀run gẹ́gẹ́ bí àwọn míràn ṣe ń mú iṣẹ́ ìjọba. Adé márùn-ún ló ní ó wà nínú Bíbélì: adé ìyè, adé òdodo, adé ayọ̀, adé tí kì í bàjẹ́ àti adé ògo. Èyí tó gbẹ̀yìn, ti àwọn pásítọ̀ ni, ìyá àgbà sì ti yọ̀ǹda rẹ̀ fún wọn tọkàntọkàn. Mẹ́rin tó kù lòún ń lé. Ohun kan ṣoṣo tó ń yọ ọ́ lẹ́nu ni bí òun ṣe máa dé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

"Ẹ máa pààrọ̀ wọn," ni aránṣọ sọ nígbà kan. "Ọ̀kan lónìí, ọ̀kan lọ́la."

"Lọ́la wo? Ṣé wọ́n sọ fún ẹ pé ilẹ̀ ń ṣú níbẹ̀ ni?" Ìyá àgbà fi ìka yí abẹ́ gèlè rẹ̀ ká, bí ẹni tó ń wọn orí. "Mo rò pé wọ́n máa kó wọn léra ni. Ọlọ́run á fún èèyàn lọ́rùn tó máa gbé e."

Òfin rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: ẹni tí èèyàn bá ti yìn nítorí oore, ó ti gba èrè rẹ̀ láyé, kò sì ní bá nǹkan kan lọ́hùn-ún mọ́. Nítorí náà, ẹ̀rù ọpẹ́ máa ń bà á bí ẹ̀rù iná. Obìnrin kan tó fọ aṣọ fún lẹ́yìn ìbímọ dìde nínú ìjọ láti jẹ́rìí, kó tó sì dárúkọ ẹni tó ràn án lọ́wọ́, ìyá àgbà ti jáde síta, ó ń wo òdòdó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Kò padà wọlé àfi ìgbà tó gbọ́ àmín. Ó ní bí etí òun ò bá ti gbọ́ ọ, kò tíì di gbígbà.

Ẹ má fi aránṣọ rẹ́rìn-ín pé ó gba èyí gbọ́. Kò lóhùn orin. Bí wọ́n bá ní kó gbàdúrà síta, ọ̀rọ̀ á pòórá lẹ́nu rẹ̀. Abẹ́rẹ́ àti òwú nìkan ló mọ̀, ó sì ti pinnu lọ́kàn ara rẹ̀ pé ohun tí òun bá fi wọ́n rán ní kọ̀rọ̀ lòún máa fi kí Olúwa òun lọ́jọ́ tóun bá rí i, kóun má lọ dúró níbẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ òfìfo.

Ọjọ́ kẹta tí kóòtù dé ẹnu ọ̀nà, atún-aago-ṣe yọ sí ṣọ́ọ̀bù aránṣọ. Ó gbé kóòtù náà sápá bí ọmọ tuntun.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, arábìnrin."

"Ẹ kú àbọ̀." Aránṣọ rí àjákù aṣọ aláwọ̀ eérú kan nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ rẹ̀. Ó rọra gbé ẹsẹ̀ lé e.

"Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ̀yin lẹ rán kóòtù yìí?"

Wàyí o. Bó bá ní rárá, irọ́ ni, ibi tí àwọn òpùrọ́ ń lọ kò sì ṣòroó mọ̀. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ó ti gba èrè.

"Kóòtù," ló wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, kóòtù."

"Kóòtù dára lákòókò òtútù."

Ọkùnrin náà wò ó. "Ó dára gan-an. Ṣé ẹ máa ń rán irú ẹ̀?"

"Aránṣọ wo ni kì í rán kóòtù?"

"Mo ti bi mẹ́rin nínú wọn. Gbogbo wọn ló ní àwọn kọ́."

"Olóòótọ́ èèyàn ni wọ́n," ni aránṣọ wí, ó sì ń sọ ọ́ látọkàn wá.

Atún-aago-ṣe rẹ́rìn-ín, ó jókòó sórí àga àwọn oníbàárà láìjẹ́ pé wọ́n ní kó jókòó. Ó ní ọjọ́ tí bàbá rí kóòtù náà, òun fúnra rẹ̀ ló wọ̀ ọ́. Ó jáde lọ sí òpópónà, ó padà wálé, ó bọ́ ọ, ó tún un wọ̀, ó tún jáde. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló jáde, kò sì ra nǹkan kan bọ̀. "Láti ìgbà tí mo ti dé, mi ò gbọ́ kó kọrin. Ọjọ́ yẹn ló kọrin. Orin náà ò dùn o, ẹ má jẹ́ n tàn yín."

Ó ki ọwọ́ bọ àpò, ó yọ lẹ́tà kan jáde. Àpòòwé funfun ni, kò sí orúkọ lẹ́yìn rẹ̀.

"Mo kọ lẹ́tà sí ẹni tó rán an. Tó bá di ọ̀rọ̀ tó ti inú wá, ẹnu mi máa ń dúró bí aago tí bátìrì rẹ̀ ti kú. Ìwé ló rọrùn fún mi. Orúkọ ni mi ò mọ̀." Ó wò ó díẹ̀ sí i. "Ṣé ó dá yín lójú pé ẹ ò mọ̀ ọ́n?"

"Ṣé gbogbo aránṣọ lẹ rò pé mo mọ̀ ni?"

Ó dìde, ó dúpẹ́, ó lọ. Aránṣọ kò gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí àjákù aṣọ yẹn títí ẹsẹ̀ fi kú. Lẹ́tà tirẹ̀ ló rìn jáde lẹ́nu ọ̀nà yẹn, nínú àpò ọkùnrin tí ojú rẹ̀ kò jẹ́ kó sùn láti ọjọ́ Ìsinmi.

Ohun tó wá ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn èyí, a ò lè fi gbogbo rẹ̀ bú Olóhùn-Iyọ̀. Òun ni olórí àwọn obìnrin nínú ẹgbẹ́ akọrin, ó lẹ́wà, ó mọ aṣọ wọ̀, bó bá sì gbóhùn sókè, àwọn ọmọ tó ń sunkún á dákẹ́. Atún-aago-ṣe bi í lẹ́yìn ìsìn bóyá ó mọ ẹni tó rán kóòtù. Olóhùn-Iyọ̀ rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Ọlọ́run lògo yẹ fún. Kò yẹ ká máa dárúkọ." Kò parọ́. Ìyìn ló wá jókòó sí i lẹ́sẹ̀, kò kàn lé e dìde ni. Kó tó di ọ̀sẹ̀ kejì, gbogbo ìjọ ti gbà pé òun ni. Àwọn kan tilẹ̀ ti ń wo atún-aago-ṣe, wọ́n á wo Olóhùn-Iyọ̀, wọ́n á wá máa mi orí bí ẹni tó ti rí aṣọ ìgbéyàwó.

Ìròyìn náà dé etí aránṣọ láti ẹnu obìnrin kan tó gbé ẹ̀wù wá kí wọ́n dín in kù: ọjọ́ Sátidé, lẹ́yìn ìdánrawò orin, ni ọmọ Bàbá Alágogo máa fún Olóhùn-Iyọ̀ ní lẹ́tà kan. Aránṣọ dín ẹ̀wù obìnrin náà kù ju bó ṣe yẹ lọ.

Ní òwúrọ̀ Sátidé, bó ṣe ń bu tíì fún ìyá àgbà, ó ní, "Màmá, bí èèyàn bá ṣe oore kan ní kọ̀rọ̀, tó wá jẹ́wọ́ pé òun ni, ṣé Ọlọ́run máa gba gbogbo èrè yẹn lọ́wọ́ ẹ̀?"

"Gbogbo ẹ̀."

"Kò ní ṣẹ́ díẹ̀ kù?"

"Ta ló ń bi mí?"

"Mo kàn ń bèèrè lásán ni."

Ìyá àgbà fẹ́ atẹ́gùn sí tíì. "Lásán yìí, ṣé ó ga?"

"Màmá."

"Mo rí i lọ́jọ́ òjò yẹn. Ó mọ̀ ọ́n kúnlẹ̀." Ó mu díẹ̀. "Ṣùgbọ́n òfin lòfin, ọmọ mi. Jókòó sórí adé ẹ."

Aránṣọ lọ jókòó sí ṣọ́ọ̀bù. Adé kò rọrùn láti jókòó lé. Ìyá àgbà tẹ̀ lé e, ó mú àga rẹ̀ lọ sí kọ̀rọ̀ ibi tó ti máa ń bá a tú òwú.

Lọ́sàn-án, ta ló wọlé bí kò ṣe Bàbá Alágogo fúnra rẹ̀, ọmọ rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ìkọ́ kan ti já lára kóòtù. Bàbá ti bọ́ ọ, ó ti wọ̀ ọ́ jù, ó ń fi bí wọ́n ṣe ń ṣe é han gbogbo àdúgbò.

"Ẹ bá wa rán an kíá," ni atún-aago-ṣe wí. "A fi han ẹni tó rán an, ó ní ká gbé e lọ fún aránṣọ. A ń lọ síbi ìdánrawò láti lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, bàbá ò sì fẹ́ lọ pẹ̀lú ìkọ́ jíjá."

Aránṣọ gba kóòtù. Ó ti òwú bọ abẹ́rẹ́, ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún bíi mẹ́wàá tó máa gbìyànjú ẹ̀ẹ̀mẹta.

Bàbá ti jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá àgbà. "Màmá, mélòó lẹ ti ní báyìí?"

"Mélòó kí ni?"

"Adé."

Gbogbo ìjọ ló mọ̀. Ìyá àgbà nàró. "Mẹ́rin, bí Ọlọ́run bá fẹ́."

"Kí lẹ máa fi ṣe?"

"Kí lèèyàn ń fi adé ṣe, Bàbá Alágogo? Màá dé e."

"Àwọn alàgbà inú Ìfihàn ńkọ́, àwọn tó jókòó yí ìtẹ́ ká, tí gbogbo wọn dé adé. Kí ni wọ́n fi tiwọn ṣe?"

Ìyá àgbà mọ ibẹ̀. Ó ti kà á ju ogún ìgbà lọ, ṣùgbọ́n ó jọ pé ó máa ń yára kọjá níbẹ̀.

"Wọ́n ṣí i," ló wí nígbẹ̀yìn.

"Wọ́n wá gbé e síbo?"

"Sílẹ̀. Níwájú ìtẹ́."

"Ẹ ò rí i. Ẹ̀ẹ̀mẹrin lẹ máa bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú orúnkún yín yẹn."

"Orúnkún kì í dunni níbẹ̀," ni ìyá àgbà wí, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. Ó wo iwájú bí ẹni tó kó ẹrù jáde nílé, tó wá ń ronú ibi tó ń kó o lọ. "Kí a wá gbà á, ká tún dá a padà?"

"Kí a lè rí nǹkan dá padà ni. Èmi rò pé nítorí ẹ̀ ló ṣe máa fún wa." Bàbá fi ọwọ́ òsì gbé ọwọ́ ọ̀tún lé itan. "Ogójì ọdún ni mo fi lu agogo. Gbogbo ọmọdé àdúgbò ló ń kí mi kú iṣẹ́. Bó bá jẹ́ pé bí wọ́n ṣe ń kí mi lèrè mi ń dín kù, á jẹ́ pé mo ti jẹ gbèsè lọ́run."

"Bíbélì ní kí ọwọ́ òsì má mọ ohun tí ọ̀tún ń ṣe."

"Tèmi, òsì nìkan ló kù, Màmá. Bí mo bá fi pamọ́ fún òun náà, ta ló kù tó máa ṣe é?"

Ìyá àgbà rẹ́rìn-ín kó tó rántí pé àríyànjiyàn làwọn ń ṣe.

Bàbá kò bá a rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń sá fún ọpẹ́, ẹ̀yin nìkan lẹ ń rò. Èmi tí wọ́n ṣe lóore ńkọ́? Mo jí lọ́jọ́ yẹn, mo wọṣọ fúnra mi, mo fẹ́ di ẹnìkan lọ́wọ́ mú kí n sọ fún un pé ó mà kú iṣẹ́, mi ò rí ẹnì kankan. Ó gbé èrè tiẹ̀ pamọ́, ó gbé ọpẹ́ mi mọ́ ọn lọ. Ọpẹ́ yẹn wà nínú mi níbí, ó ń wúwo."

Abẹ́rẹ́ gún aránṣọ níka.

"Bàbá, a ti rí ẹni náà," ni ọmọ rẹ̀ wí. "Òun la fẹ́ lọ bá yìí."

"Mo bi í pé kí ló dé tó jẹ́ ìkọ́ ló fi sí i. Ó ní ìkọ́ ló lòde báyìí."

"Kò sẹ́ pé òun kọ́."

"Òótọ́ ni, kò sẹ́."

Aránṣọ já òwú pẹ̀lú eyín, ó na kóòtù sí bàbá. Bàbá wọ̀ ọ́, ó fa ìkọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wọra lọ́kọ̀ọ̀kan, kò bẹ ẹnì kankan. Orí rẹ̀ wà lókè. Aránṣọ kò tíì rí i báyìí rí. Ẹnu ọ̀nà ló gbé kóòtù yìí sí tó sì sá lọ, kò dúró rí ohun tó rán.

Atún-aago-ṣe ti yọ lẹ́tà jáde. Ó yí ẹ̀yìn rẹ̀ síwájú, ó gbé e lé orí tábìlì ìgéṣọ.

"Nǹkan kan ló kù. Mi ò tíì kọ orúkọ ẹ̀ síbẹ̀. Ó ti tó ẹ̀ẹ̀mejì tí mo mú bírò, ọwọ́ mi ń kọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, arábìnrin, ẹ yá mi ní bírò."

Bírò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ téèpù ìwọnṣọ. Aránṣọ mú un. Ó nà án sí i, ọkùnrin náà sì di ìdí rẹ̀ mú, ṣùgbọ́n aránṣọ kò jù ú sílẹ̀. Ó rò ó pé bí òun bá jù ú sílẹ̀ báyìí, adé òun wà níbẹ̀ láìku nǹkan kan. Ó rò ó pé òun máa gbé adé náà dé iwájú ìtẹ́, òun máa ṣí i, òun máa gbé e kalẹ̀, òun á sì ní kí Olúwa òun wò ó: nítorí èyí ni mo ṣe jẹ́ kí bàbá kan máa gbé ọpẹ́ kiri títí ó fi kú, tí mo sì yá ẹlòmíràn ní bírò. Kò mọ irú ojú tí Olúwa máa fi wo òun. Ó kàn mọ̀ pé kò ní jẹ́ ojú ìdùnnú.

Atún-aago-ṣe rọra fa bírò. Bírò kò wá.

"Èmi ni," ni aránṣọ wí.

Ó sọ ọ́ kélékélé, àfi bí ẹni tó ń bá bírò sọ̀rọ̀.

"Tún un sọ," ni ìyá àgbà wí láti kọ̀rọ̀. "Etí bàbá ò mú tó ti tẹ́lẹ̀."

"Màmá, ẹ̀yin lẹ ní òfin lòfin."

"Mo ṣì ń rò ó. Ìwọ máa sọ̀rọ̀ ní tìẹ."

Aránṣọ yíjú sí bàbá. "Bàbá, èmi ni mo rán kóòtù yín. Mo rí yín lọ́jọ́ òjò, bí ẹ ṣe tẹ orí ba nígbà tí wọ́n ń bá yín di bọ́tìnnì. Ìdí tí mo fi fi ìkọ́ sí i nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mi ò tètè sọ."

Bàbá Alágogo dìde. Ó pẹ́ kó tó dìde tán, kò sì jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ ran òun lọ́wọ́. Ó fi ọwọ́ òsì di ọwọ́ aránṣọ mú, àti ìka tí abẹ́rẹ́ gún àti èyí tí kò gún, ó sì dúpẹ́. Ó dúpẹ́ fún ti ìkọ́. Ó dúpẹ́ fún ti àpò inú. Ó dúpẹ́ fún aṣọ inú tó rọ̀, fún bí apá rẹ̀ ṣe gùn mọ, fún òpópónà tó rìn lẹ́ẹ̀mẹta láìra nǹkan kan. Ojú ń ti aránṣọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń fẹ́ sá, ṣùgbọ́n ó dúró, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán. Nígbà tí bàbá jókòó padà, ó mí kanlẹ̀ bí ẹni tí wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀ fún.

"Ṣé ó dùn ẹ́?" ni ìyá àgbà bi ọmọ ọmọ rẹ̀.

"Rárá, Màmá."

"Ó yà mí lẹ́nu." Ìyá àgbà tú òwú díẹ̀ sí i. "Obìnrin tí mo fọ aṣọ fún yẹn, mo máa lọ kí i lọ́la. Bóyá ó ṣì ní díẹ̀ nínú ohun tó fẹ́ sọ."

Ẹnu atún-aago-ṣe ti dúró, gẹ́gẹ́ bó ṣe wí. Ó wo aránṣọ, ó wo lẹ́tà, ó tún wo aránṣọ, etí rẹ̀ méjèèjì sì ti gbóná débi pé ìyá àgbà rí i láti kọ̀rọ̀.

"Àwọn yẹn ti fẹ́ parí ìdánrawò," ni bàbá wí láìyíjú. "Ṣé a ṣì ń lọ ni?"

"Rárá, Bàbá."

"Mo kàn bèèrè ni."

Aránṣọ jọ̀wọ́ bírò. Ọkùnrin náà kò fi kọ nǹkan kan. Ó gbé e kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ téèpù, ó mú lẹ́tà náà, ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu ẹ̀yìn rẹ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò dọ̀tí, ó sì nà án sí i lórí tábìlì. Aránṣọ fi ọwọ́ méjèèjì gbà á.